Mo fẹ́ fi àwòrán yíyà nìkan jẹun ní Ẹ̀pẹ́: báwo ni mo ṣe lè di ẹni mímọ̀ láàárín àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ ọnà?

Ayàwòrán-Ọ̀sà béèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ ọnà, mo kí yín o. Ẹ̀pẹ́ ni mo ń gbé, ní àdúgbò Òkè-Bàlógun. Mo kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yaba College of Technology, àwòrán ọ̀dà lórí kánfáàsì sì ni mo yàn láàyò. Láti ìgbà tí mo ti jáde ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan, tí mo sì ń fi alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ya àwòrán. Ìgbésí ayé àwọn tó ń ti ara ọ̀sà jẹun ni mo ń yà jù: àwọn obìnrin tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo, àwọn tó ń hun àwọ̀n, àti àwọn ọkọ̀ tó ń wọlé nígbà tí kùrukùru òwúrọ̀ kò tíì ká kúrò lójú omi.

Mo fẹ́ fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ ní sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀, kí n lè máa fi gbogbo ọjọ́ mi ṣiṣẹ́ ọnà. Ìyàwó mi mọ̀ sí i, ó sì fọwọ́ sí i. Àwòrán tó wà nílẹ̀ pọ̀ tó, nítorí náà kì í ṣe iṣẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé n kò mọ ẹnì kankan. Bí wọ́n bá ṣí ìpàtẹ tuntun ní Victoria Island, mo máa ń lọ, n ó kí èèyàn, n ó gba nọ́ńbà fóònù, n ó sì padà sí Ẹ̀pẹ́ láìsí ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Mo fi àwòrán ránṣẹ́ sí àwọn gálárì lórí Instagram, wọn kò dáhùn. Lẹ́yìn náà ni gálárì kan ní Yúróòpù kọ̀wé sí mi pé àwọn rí iṣẹ́ mi, àwọn sì fẹ́ gbé e sí ìpàtẹ, ṣùgbọ́n èmi ni n ó sanwó ààyè tí iṣẹ́ náà máa gbà lára ògiri.

Ṣé dandan ni kí n kó kúrò ní Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ mí? Ta ló yẹ kí n kọ́kọ́ súnmọ́? Báwo ni èèyàn sì ṣe ń bá onígálárì sọ̀rọ̀ tí kò fi ní jọ ẹni tó ń tọrọ? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Agbẹ́gilére-Ìkòròdú dáhùn:

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ tán, ibi tí o ti sọ pé o kò mọ ẹnì kankan ni mo sì fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí n kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. O ní àwọn tí ẹ jọ kàwé ní Yábàá, o sì ní àwọn olùkọ́ tó kọ́ yín níbẹ̀. Àwọn gan-an ni ojúlùmọ̀ àkọ́kọ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n òkè ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ oníṣọ̀nà máa ń gbójú sí. Onígálárì àti olówó tó ń ra iṣẹ́ ni wọ́n ń wá, wọn kì í wo ẹni tó jókòó tì wọ́n.

Wo bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe ṣe é. Ní ọdún 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Zaria dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Zaria Art Society. Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo wà lára wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo wọn nígbà náà, kò sí èyí tí orúkọ rẹ̀ tíì lókìkí débi tí èkejì yóò fi jàǹfààní rẹ̀. Wọ́n ń pàdé, wọ́n ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, wọ́n sì ń jiyàn lórí irú iṣẹ́ ọnà tó yẹ orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gba òmìnira. Nígbà tí wọ́n tú ká, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé ipò tirẹ̀, wọ́n ti mọ ohun tí ẹnìkejì lè ṣe, wọ́n sì lè fọwọ́ sọ̀yà nípa rẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni. Grillo yìí náà ló wá di olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ tí ìwọ gan-an ti jáde. Ní Òṣogbo náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, inú ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládiípọ̀ ni Jimoh Buraimoh, Muraina Oyelami, Rufus Ogundele àti Twins Seven Seven ti mọ ara wọn, kí wọ́n tó di ayàwòrán nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Ulli Beier àti Georgina Beier ṣètò. Iṣẹ́ ló kó wọn pọ̀. Ojúlùmọ̀ tẹ̀ lé iṣẹ́ ni.

Nítorí náà, wá oníṣọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí o bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ wọn, ìbáà ṣe ní Ẹ̀pẹ́, ní Ìlárá, ní Ìmọ́tà tàbí lọ́dọ̀ wa níbí ní Ìkòròdú, kí ẹ sì máa pàdé lóṣooṣù nílé ẹnì kan. Kí kálukú gbé iṣẹ́ tí kò tíì parí wá. Mo tẹnu mọ́ ọn pé èyí tí kò tíì parí, nítorí iṣẹ́ tó ti parí kì í mú ju ìyìn lọ wá láàárín ọ̀rẹ́, nígbà tí iṣẹ́ tó ṣì wà lọ́wọ́ máa ń mú kí èèyàn sọ òótọ́. Kó o sì darapọ̀ mọ́ ẹ̀ka Èkó ti Society of Nigerian Artists, ẹgbẹ́ tó ti wà láti 1963. Máa yọjú sí ìpàdé wọn, kó o sì gba iṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń pín iṣẹ́. Ẹni tó bá wọn kó àga, tó bá wọn gbé àwòrán kọ́ sára ògiri, kì í pẹ́ kí àwọn àgbà tó mọ orúkọ rẹ̀. Bí àǹfààní bá sì ṣí sílẹ̀ fún ọ láti lọ sí Harmattan Workshop, èyí tí Onobrakpeya dá sílẹ̀ ní Agbarha-Otor ní ìpínlẹ̀ Delta ní 1998, má ṣe jẹ́ kó fò ọ́. Àgbà àti ọ̀dọ́ oníṣọ̀nà máa ń gbé pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ti bá ọ jẹun láàárọ̀, tó sì wo bí o ṣe ń po ọ̀dà ní ọ̀sán, kò nílò kí o fún un ní káàdì.

Ní ti kíkó kúrò ní Ẹ̀pẹ́, èrò tèmi ni pé kí o má kó. Owó ilé tí o máa san lẹ́bàá ọ̀sà Èkó yóò jẹ owó ọ̀dà àti kánfáàsì rẹ, kò sì sí ẹni tó ń ra àwòrán nítorí àdírẹ́sì ayàwòrán. Ojú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ tí o ń gbà yẹn ni Yemisi Shyllon Museum of Art wà, nínú ọgbà Pan-Atlantic University ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, láti ọdún 2019. Àwọn tó ń gbé ní Yábàá gan-an ní láti rin ìrìn àjò gidi kí wọ́n tó débẹ̀. Ìwọ súnmọ́ ọn jù wọ́n lọ. Máa lọ síbẹ̀ nígbà gbogbo, kó o sì jẹ́ kí àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ àti ìjíròrò níbẹ̀ dá ojú rẹ mọ̀. Bí o bá tún tẹ̀ síwájú lójú ọ̀nà kan náà sí ìhà Èkó, wàá dé Nike Art Gallery ní Lẹ́kí, wọn kì í gbowó ẹnu ọ̀nà.

Òṣìṣẹ́-Gálárì dáhùn:

Mo kí ẹni tó béèrè. Mo ti ṣiṣẹ́ nínú gálárì ní Èkó, nítorí náà ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ nípa onígálárì ni mo fẹ́ dá sí.

Ẹ má bínú pé wọn kò dáhùn yín lórí Instagram. Àwòrán tí wọ́n ń rí gbà níbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọn kò mọ̀ rí pọ̀ ju èyí tí òṣìṣẹ́ méjì lè wò tán lọ, pàápàá nígbà tí ẹni tó fi í ránṣẹ́ kò sọ ohun tó fẹ́. Kí ẹ tó kọ̀wé sí gálárì kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé jáde, kí ẹ sì mọ̀ bóyá wọ́n ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ àwọn tó ti lókìkí nìkan ni wọ́n ń tà. Ẹ lè fi ọdún púpọ̀ kọ̀wé sí wọn lásán. Àwọn mìíràn ní ètò fún ọ̀dọ́. Rele, gálárì kan ní Èkó tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ní èyí tí wọ́n ń pè ní Young Contemporaries, tí wọ́n fi ń ṣàfihàn àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí. ART X Lagos, ọjà iṣẹ́ ọnà ọdọọdún tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ti fi ẹ̀bùn tirẹ̀ gbé ọ̀dọ́ oníṣọ̀nà ga.

Alẹ́ tí wọ́n bá ń ṣí ìpàtẹ kọ́ ni ẹ ó bá onígálárì sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ yín. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ń wá bí yóò ṣe ta iṣẹ́ ẹni tó gbé sára ògiri, ó sì jẹ oníṣọ̀nà yẹn ní gbèsè pé kó fi gbogbo ọkàn sí i. Ẹ kí i, ẹ wo iṣẹ́, kí ẹ sì máa lọ. Ẹ padà wá ní ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sìdeé tàbí Tọ́sìdeé, nígbà tí ilé bá dá rọ́rọ́. Ẹ wo àwọn iṣẹ́ náà pẹ́, kí ẹ sì bi ẹni tó bá jókòó níbẹ̀ ní ìbéèrè nípa wọn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ tí kò ní àṣẹ kankan. Ẹ má fojú kéré rẹ̀, nítorí irú wọn ló ń di olùṣètò ìpàtẹ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọn kì í sì í gbàgbé oníṣọ̀nà tó bá wọn sọ̀rọ̀ bí èèyàn gidi nígbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá kọ ímeèlì kúkúrú, kí ẹ fi fáìlì kan ṣoṣo sínú rẹ̀, tí àwòrán mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó jẹ́ ọ̀wọ́ kan náà wà nínú rẹ̀. Àwọn àwòrán ọ̀sà yín yẹn ti tó ọ̀wọ́. Ẹ má fi àwòrán mìíràn tí kò bá ọ̀wọ́ náà mu mọ́ ọn.

Ẹ béèrè bí ẹ kò ṣe ní jọ ẹni tó ń tọrọ. Bí ẹ bá kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì pé «ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo iṣẹ́ mi», ìtọrọ nìyẹn. Bí ẹ bá kọ̀wé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé ọ̀wọ́ tuntun ti jáde, tàbí pé ẹ ní ìpàtẹ ní ọjọ́ báyìí, ìròyìn ni ẹ mú wá, ó sì tọ́ kí oníṣòwò iṣẹ́ ọnà gbọ́ ìròyìn.

Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ gbogbo iṣẹ́ yín sí: orúkọ rẹ̀, ọdún tí ẹ ṣe é, ohun tí ẹ fi ṣe é, gígùn àti ìbú rẹ̀, iye rẹ̀, ibi tó wà báyìí, àti ẹni tó rà á. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn oníṣọ̀nà tó mọ iṣẹ́ dáadáa ṣe máa ń pàdánù àǹfààní nítorí pé wọn kò lè sọ bí iṣẹ́ wọn ṣe gùn tó nígbà tí oníbàárà wà lórí fóònù. Ní ti iye owó, ẹ fi ìwọ̀n iṣẹ́ ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, kí iye kan náà sì wà nílé yín àti nínú gálárì. Onígálárì sábà máa ń mú ìdá 30 sí ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá wá ń ta á ní ìdajì owó fún ẹni tó bá yín dé Ẹ̀pẹ́, ẹ ti ba ọjà onígálárì jẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń tàn kálẹ̀ kíákíá láàárín wọn. Ẹ má fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni láìsí ìwé àdéhùn tó sọ iye iṣẹ́ tó gbà, iye tí yóò tà á, ìdá tí yóò mú, ìgbà tí yóò dá èyí tí kò bá tà padà, iye ọjọ́ tí yóò fi sanwó lẹ́yìn títà, àti ẹni tí yóò sanwó bí iṣẹ́ bá bàjẹ́.

Mo tún fẹ́ dárúkọ Bisi Silva, olùṣètò ìpàtẹ tó dá Centre for Contemporary Art sílẹ̀ ní Yábàá ní 2007, tó sì kú ní 2019. Ní 2010 ló dá Àsìkò sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tó ń kó àwọn ọ̀dọ́ oníṣọ̀nà àti olùṣètò ìpàtẹ Áfíríkà jọ láti ìlú kan sí èkejì. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣètò ìpàtẹ lónìí, àwọn tí wọ́n jọ wà nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ rántí. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pẹ̀lú àgbà tó ṣáájú mi sọ̀rọ̀.

Aláró-Àgbádárìgì dáhùn:

Àbúrò mi, ẹ kú ìrònú o. Àdìrẹ ni èmi ń ṣe ní Àgbádárìgì níbí, iṣẹ́ yìí ni mo sì fi ń bọ́ ilé mi.

Ẹ má san kọ́bọ̀ fún gálárì Yúróòpù yẹn. Gálárì tó ń gba owó ògiri lọ́wọ́ oníṣọ̀nà ti jèrè kí ó tó ṣílẹ̀kùn, kò sí ohun tí yóò mú un wá ẹni tí yóò ra iṣẹ́ yín. Ibi tó dára máa ń jèrè nígbà tí iṣẹ́ bá tà. Ẹ wo G.A.S. (Guest Artists Space) Foundation tí gbajúmọ̀ oníṣọ̀nà Yinka Shonibare dá sílẹ̀, tó ṣílẹ̀kùn ní 2022, tó ní ilé ní Èkó àti oko ní ìgbèríko Ìjẹ̀bú, tí kò jìnnà sí Ẹ̀pẹ́. Ìgbàlejò oníṣọ̀nà ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa fi àkókò yín kọ̀wé sí. Ẹ tún ṣọ́ra fún oníbàárà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bá sọ pé òun fi owó tó ju iye iṣẹ́ lọ ránṣẹ́, tó wá ní kí ẹ fi èyí tó ṣẹ́kù ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò kó ẹrù. Owó rẹ̀ kò ní dúró ní báǹkì. Tiyín ni yóò lọ. Bí oníbàárà gidi bá sì fẹ́ gbé iṣẹ́ kúrò ní Nàìjíríà, ẹ bá a gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ National Commission for Museums and Monuments ní Oníkan, kí àwọn aṣọ́bodè má baà rò pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Oníbàárà tí ẹ bá ṣe èyí fún yóò dárúkọ yín fún ẹlòmíràn.

Níbi tí mo ti yàtọ̀ díẹ̀ sí àwọn tó ṣáájú mi, wọ́n sọ̀rọ̀ bí ẹni pé inú gálárì nìkan ni ọ̀nà wà. Ní Àgbádárìgì níbí, àwọn tó ń mú àlejò lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, tí wọ́n kọ́ ní 1845, àti àwọn tó ń wa àlejò kọjá sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú, ni wọ́n jẹ́ ojúlùmọ̀ mi tó wúlò jù. Àlejò tó ti Amẹ́ríkà tàbí Bràsíl wá kì í mọ ìsọ̀ mi fúnra rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń mú un wá. Ní apá ọ̀dọ̀ yín, ẹ wo ilé ìtura, ilé iṣẹ́ àti ilé gbígbé tó ń dìde láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìbẹ́jú-Lẹ́kí. Àwọn tó ń ya àwòrán ilé kí wọ́n tó kọ́ ọ àti àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ inú ilé ló ń pinnu ohun tí yóò wà lára ògiri ibẹ̀, wọ́n sì ń pinnu rẹ̀ kí wọ́n tó kun ilé lọ́dà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fúnni báyìí ti gbé àwọn ńlá ró: Onobrakpeya ya ìrìn Jésù lọ sí Kalfari fún ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul ní Èbúté-Mẹ́ta, Grillo sì ṣe gíláàsì aláwọ̀ fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ní Èkó. Ṣùgbọ́n ẹ gba ìdajì owó, ó kéré tán, kí ẹ tó ra kánfáàsì. Kí ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó ra àwòrán kò tíì ra ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ ẹ́ sórí kàlẹ́ńdà. Copyright Act ti 2022 fi ẹ̀tọ́ yẹn sílẹ̀ fún yín títí ẹ ó fi kọ̀wé gbé e fún ẹlòmíràn.

Nípa iṣẹ́ olùkọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bẹ ilé ẹ̀kọ́ kí wọ́n fún yín ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Nígbà tí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ bá dé tí kò sí nǹkan nílé, ẹni tó bá kọ́kọ́ bẹ iṣẹ́ wò ló máa gbé e lọ ní iye tó bá wù ú, iye yẹn ni yóò sì máa tẹ̀ lé yín kiri. Oúnjẹ oṣù mẹ́fà ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú.

Ayàwòrán-Ọ̀sà padà wá:

Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ gbogbo yín. Ilé ẹ̀kọ́ ti gbà fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, n kò sì ní san owó gálárì Yúróòpù. Mo ti pe àwọn méjì tí a jọ jáde ní Yábàá, ọ̀kan ní Ìmọ́tà, èkejì ní Ìlárá. A fẹ́ gba gbọ̀ngàn ilé ìtura kan ní Ẹ̀pẹ́, kí a pàtẹ iṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa ra àwòrán kò pọ̀ níbí. Ṣé irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀ ní iyì lójú onígálárì?

Òṣìṣẹ́-Gálárì dáhùn:

Ó ní iyì, bí ẹ bá ṣe é bí iṣẹ́. Ẹ ya fọ́tò àwọn àwòrán níbi tí wọ́n ti wà lára ògiri, kì í ṣe ojú kánfáàsì nìkan. Ẹ tẹ ìwé kékeré tí orúkọ, ìwọ̀n àti iye iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Kí ẹ sì kọ̀wé pe àwọn tó ń ṣètò ní Shyllon Museum, nítorí ojú ọ̀nà yín ni wọ́n wà. Ẹ pe àwọn obìnrin ọjà Olúwo náà, ní wákàtí tí wọ́n bá ti pàtẹ ẹja tán. Ẹni tó bá ti Èkó wá, tó sì bá wọn níwájú àwòrán ara wọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, yóò mọ irú ayàwòrán tí ẹ jẹ́ kí ẹ tó lanu. Ẹ má fi í sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, nítorí àkókò ART X nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò ráyè wá sí Ẹ̀pẹ́.

Agbẹ́gilére-Ìkòròdú dáhùn:

Bí ẹ bá ti mú ọjọ́, ẹ kọ ọ́ síbí. Mo ní ọkọ̀ tó lè gba kánfáàsì ńlá ní ìdúró, n ó kọ́kọ́ yà ní Ìmọ́tà láti kó ti ẹnìkejì yín.